Ilé-Ìwé Wo Ni Dùnmínínú Wà?

Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹfà, 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi Títílọpẹ́,

Kí n tó kí yín, ẹ jẹ́ kí n kọ ohun tí mo rí láàárọ̀ òní sílẹ̀ bí mo ṣe rí i, kí n má bàa fi ti ẹ̀yìn ṣíwájú.

Mo rí àwọn ọmọ tí wọ́n tò sẹ́nu géètì kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò àṣewọlé, oníkálukú mú pẹ́ńsù àti ìréésà lọ́wọ́. Mo rí bàbá kan tó gbé ọmọ rẹ̀ wá lórí ọ̀kadà, tó ń gbàdúrà lé e lórí láìpa ẹ́ńjìnnì. Mo rí bọ́ọ̀sì funfun ilé-ìwé Màmá Ayọ̀rìndé. Àwọn ọmọ tó sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀ wọ aṣọ búlúù, gbogbo bàtà wọn ló ń dán. Mo rí Ọ̀gá Akínwálé, ọ̀gá ilé-ìwé tí Dùnmínínú wa ń lọ. Wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé, wọ́n gbé àpò píọ́ wọ́tà lé èjìká fún àwọn ọmọ wọn. Mo rí àwọn ọmọ wọn náà nínú aṣọ ṣẹ́ẹ̀kì aláwọ̀ ewé tí ẹ mọ̀, aṣọ tó ti ṣá, tí àwọn mìíràn jogún lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n wọn. Lẹ́yìn náà ni mo rí àwọn ọmọ kan tí wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀kì yẹn gan-an, ṣùgbọ́n tiwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ télọ̀ dé, ìlà ibi tí wọ́n ti ká a ṣì hàn láyà wọn. Mi ò mọ ẹyọ kan nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ni mo ń mú Dùnmínínú lọ sí ilé-ìwé náà. Ọ̀kan nínú wọn juwọ́ sí ọmọ kan tó wọ búlúù. Olùkọ́ tó dúró ti bọ́ọ̀sì fi ọwọ́ gbá ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀, ó ní, "Ẹ ò mọra yín lónìí o."

Ohun tí mo rí nìyẹn. Kò tíì yé mi.

Ẹ kú iṣẹ́ òru o, Àǹtí. Ẹ kú àìsùn, ẹ kú ìlú onílùú. Ara Màmá le ní Ìyìn. Wọ́n ní kí n bi yín bóyá àwọn òyìnbó ń jẹ uṣu, pé bí wọn kò bá ń jẹ ẹ́, kí ni wọ́n wá ń jẹ tí wọ́n fi ń dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Nítorí Oore-ọ̀fẹ́, ọmọ ará ilé wa, ni mo ṣe dé ibi ìdánwò. Ìyá rẹ̀ kò lè dìde.

Dùnmínínú dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo padà dé. Ó bi mí bí ìbéèrè ìdánwò ṣe rí, ó bi mí bóyá wọ́n lé ẹnikẹ́ni jáde. Lẹ́yìn náà ó ní, "Lọ́dún tó ń bọ̀, èmi nìyẹn." Láti ọjọ́ tí ẹ ti sọ fún un lórí fóònù pé bí ó bá wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn, ẹ ó wá sílé wá mú un lọ fúnra yín, kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí ẹ lọ, Àǹtí. Ó ti ga dé èjìká mi báyìí.

Ìwé ni mo kọ èyí sí kí n tó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Bí mo bá fi ohùn sọ ọ́, etí Dùnmínínú kì í jìnnà sí fóònù.

Èmi ni àbúrò yín,
Monínúọlá.


Leeds.
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹfà, 2024.

Monínú mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Bá mi kí Màmá. Sọ fún wọn pé iṣu wà níbí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ lójú ọ̀nà kó tó dé, kò dùn.

Mo ka lẹ́tà rẹ nínú bọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ aṣọ tuntun tí o kọ kò yé mi. Ẹni tó bá rán aṣọ tuntun fún ọmọ rẹ̀, kí ló kàn wá níbẹ̀? Ohun tí èmi rí ni mo fẹ́ kí o gbọ́. Fọláṣadé tí a jọ ń ṣiṣẹ́ níbí, ará Adó ni, ilé-ìwé Màmá Ayọ̀rìndé ni Dámilọ́lá ọmọ rẹ̀ wà. Ó fi fọ́tò bánà tí wọ́n gbé kọ́ hàn mí: gbogbo ọmọ tí wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá ló wọlé, kò ku ẹnìkan. Nínú tọ́dún yìí tí Dámilọ́lá ṣe, wọ́n ní bákan náà ló máa rí. Ti Ọ̀gá Akínwálé ńkọ́? Mélòó ló wọlé níbẹ̀? Dá mi lóhùn.

Mo fẹ́ kí o mú Dùnmínínú kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó wọlé ní oṣù kẹsàn-án. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti ṣaláìsí, èmi nìkan ni mò ń gbé e. Mi ò wá gbé ìdọ̀tí arúgbó ní ìlú òyìnbó kí ọmọ mi lè jókòó sí kíláàsì tí olùkọ́ kan ń fi ẹnu kan kọ́ kíláàsì méjì.

Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn ibẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ la lọ. Ilé-ìwé kan náà ni èmi àti ìwọ lọ, Monínú. Èmi wọlé, ìwọ kò wọlé. Mi ò fi bú ọ. Ṣùgbọ́n ṣé o fẹ́ kí ọmọ mi ṣe bíi tìẹ ni?

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Títílọpẹ́.


Òkè-Ìlá.
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹsàn-án, 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó dáhùn. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo fà á ya lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ti ṣe ohun tí ẹ ní kí n ṣe. Dùnmínínú ti wà ní ilé-ìwé Màmá Ayọ̀rìndé, aṣọ búlúù wà lára rẹ̀, bọ́ọ̀sì funfun ń wá gbé e ní ìkóríta. Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn: wọ́n mọ̀ ọ́n kọ́. Olùkọ́ kì í pa kíláàsì jẹ. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ilé-ìwé mìíràn bá ti lọ sílé, wọ́n ń jókòó ti àwọn ìbéèrè ìdánwò ọdún tó ti kọjá. Ìṣirò ìdá tí ń fún Dùnmínínú ní wàhálà tẹ́lẹ̀, ó ń ṣe é báyìí láìka ìka. Wọ́n kọ́kọ́ fi í ṣẹ̀sín pé ó ń sọ̀rọ̀ bí ará oko Ìyìn. Kò sunkún. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ní kí n dá yín lóhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí mo rí. Ní ọjọ́ tí mo mú un lọ, ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ ṣáájú wa. Wọ́n fún ọmọ náà ní ìwé kó kà á. Kò lè kà á. Wọ́n sọ fún ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín pé ààyè ti kún. Wọ́n fún Dùnmínínú, ó kà á, ààyè bá yọ. Nígbà tí mo lọ gba ìwé Dùnmínínú lọ́wọ́ Ọ̀gá Akínwálé, mo bá ìyá náà níbẹ̀. Ọ̀gá Akínwálé kò ní kí ọmọ náà kàwé. Wọ́n bi í bóyá ó ti jẹun.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí mélòó ló wọlé nínú àwọn ọmọ Ọ̀gá Akínwálé, wọn kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n dá padà lẹ́nu ọ̀nà ibì kan, ẹnu ọ̀nà Ọ̀gá Akínwálé ló ń gbà wọlé.

Èyí tó kù ni ti èmi àti ẹ̀yin. Òótọ́ ni, ilé-ìwé kan náà la lọ, Àǹtí Àyọ̀kẹ́ kan náà ló kọ́ wa. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí ẹ ṣe ìdánwò, Bàbá ń jókòó tì yín ní ìrọ̀lẹ́, wọn kì í jẹ́ kí ẹ dìde títí ẹ ó fi gbà á. Mo máa ń sùn sórí àga níbẹ̀, tí mò ń gbọ́ ohùn yín. Ní ọdún tèmi, Bàbá ti wà lórí ibùsùn, apá wọn kan kò gbé mọ́. Bí a bá ti jáde ilé-ìwé, oko Ìyìn ni mò ń bá Màmá lọ. Ẹ̀yin ti wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nígbà náà, ẹ kò rí i. Mi ò fi ṣe ẹjọ́. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ilé-ìwé nìkan ló mú yín wọlé, òun nìkan kọ́ ni kò sì jẹ́ kí èmi wọlé.

Àbúrò yín,
Monínúọlá.


Leeds.
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹwàá, 2024.

Monínú,

Mo ti gbọ́. Jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ìgbà Bàbá sílẹ̀, kò sẹ́ni tó lè tún un ṣe mọ́.

Fọ́tò Dùnmínínú nínú aṣọ búlúù dé ọwọ́ mi. Mo fi han gbogbo ènìyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Fọláṣadé ní, "Ọmọ tìẹ náà ti di tiwa nìyẹn." Sọ fún un pé mo ti ń tọrọ ìsinmi oṣù kẹsàn-án ọdún tó ń bọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá mi. Kí ó ṣáà ṣe tirẹ̀, kí èmi náà ṣe tèmi. Má jẹ́ kó máa ṣeré ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.


Òkè-Ìlá.
Ọjọ́ kejì, oṣù kejì, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ọdún tuntun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ń gbó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí.

Màmá Ayọ̀rìndé ránṣẹ́ pè mí lọ́jọ́ Ẹtì. Ọ́fíìsì wọn tutù, wọ́n fún mi ní àga, wọ́n ní, "Àǹtí Dùnmínínú, ọmọ yín dára o. Ọmọ jẹ́jẹ́. Ẹ̀kọ́ ilé wà lára rẹ̀."

Mo ní, "Ẹ ṣé, mà."

"Àmọ́ nínú ìdánwò àyẹ̀wò tí a fún wọn, kò dé ibi tí a ń fẹ́. Mi ò ní ó fìdí rẹmi o. Ibi tí a ń fẹ́ ni kò dé."

"Kí la máa wá ṣe, mà?"

"Ó máa ṣe ìdánwò, kò sẹ́ni tó máa dí i lọ́wọ́. Ọ̀dọ̀ wa níbí náà la ó ti máa kọ́ ọ. Orúkọ ilé-ìwé mìíràn ni ẹ ó kàn fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Èyí tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì yín máa ń gbà wọ́n. Ẹ rán aṣọ wọn fún un, ẹ sì kọ́ ọ pé bí wọ́n bá bi í, kó ní ibẹ̀ lòun wà."

Ti Ọ̀gá Akínwálé ni èyí tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ aṣọ tuntun ti yé mi, Àǹtí. Ọmọ bọ́ọ̀sì funfun ni gbogbo àwọn tí mi ò mọ̀ níjọ́ sí. Wọ́n yọ wọ́n kúrò kí ìdánwò tó dé. Bí wọ́n bá fìdí rẹmi, ọrùn Ọ̀gá Akínwálé ni wọ́n ń kà á sí. Òtítọ́ ni bánà Màmá Ayọ̀rìndé ń sọ: gbogbo àwọn tí wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀ ló wọlé.

Mo ní, "Mà, irọ́ ni ọmọ yẹn máa lọ pa níbẹ̀."

Wọn kò bínú. Wọ́n yọ dígí ojú wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé o rò pé ó dùn mọ́ mi ni? Bí ọmọ méjì bá fìdí rẹmi lórúkọ mi lọ́dún yìí, ilé-ìwé iwájú ni àwọn òbí máa kó ọmọ lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Wọn kì í béèrè bí mo ṣe ń kọ́ wọn. Bí gbogbo wọn bá wọlé ni wọ́n ń béèrè. Ẹ̀yin náà, kí ni ẹ bi mí lọ́jọ́ tí ẹ dé?"

Ohun tí mo bi wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an nìyẹn, nítorí pé ẹ̀yin lẹ ní kí n bi wọ́n.

Dùnmínínú ti mọ̀. Wọ́n ti pín wọn sí ìlà méjì nínú kíláàsì, àwọn tó wà ní ìlà ojú fèrèsé, níbi tí wọ́n fi òun náà sí, kì í nawọ́ mọ́ bí olùkọ́ bá béèrè ọ̀rọ̀. Níbi tí mo ti ń di irun fún un ló ti bi mí pé, "Àǹtí Monínú, ilé-ìwé wo ni mo wà?" Mo ní kó jẹ́ kí n parí irun ná. Ó tún ní, "Bí mo bá fi orúkọ ilé-ìwé tí mi ò sí wọlé, ṣé Mọ́mì á ṣì wá?"

Ẹ jẹ́ kí n mú un padà sọ́dọ̀ Ọ̀gá Akínwálé. Kì í ṣe aṣọ nìkan. Kó padà sí kíláàsì, kó jókòó, kó jẹ́ tiwọn lóòótọ́ kí ọjọ́ ìdánwò tó pé, kí ohunkóhun tó bá sọ níbẹ̀ jẹ́ òótọ́. Èmi á máa jókòó tì í nírọ̀lẹ́ bí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù yìí ni wọ́n máa pa ìforúkọsílẹ̀ dé. Ẹ dá mi lóhùn kíákíá.

Monínúọlá.


Òkè-Ìlá.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kejì, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín o. Mo ti rí i pé ẹ ti ka lẹ́tà mi, àmì rẹ̀ ti yí sí búlúù láti ọjọ́ tí mo fi ránṣẹ́. Mo pè yín, ẹ kò gbé e. Bí ẹ bá fẹ́ sọ pé rárá, ẹ sọ ọ́, màá gbọ́. Èyí tí ẹ kò sọ ni mi ò mọ bí màá ṣe gbọ́ ọ.

Ọ̀túnla ni wọ́n máa pa á dé.

Monínúọlá.


Òkè-Ìlá.
Ogúnjọ́, oṣù kejì, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti mú un padà. Mo dúró títí di àárọ̀ ọjọ́ tó kẹ́yìn.

Ọ̀gá Akínwálé wà lórí ìdúró, wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìṣirò fún kíláàsì kẹfà, wọ́n sì ń fi ojú kejì ṣọ́ kíláàsì karùn-ún láti ojú fèrèsé. Wọ́n rí wa, wọ́n ní, "Ẹ ti rán aṣọ rẹ̀?"

Mo ní, "Ọ̀gá, a ò wá gba orúkọ. A wá gba ìjókòó."

Wọ́n wò mí, wọ́n wo ọmọ. Wọ́n yí padà sí kíláàsì, wọ́n ní, "Ẹ sún fún un." Àwọn ọmọ pariwo, "Ọmọ bọ́ọ̀sì ti dé! Ẹ nu àga fún ọmọ bọ́ọ̀sì!" Ọmọbìnrin kan tí wọ́n jọ ń jókòó tẹ́lẹ̀ ní, "Ṣé o ṣì lè jẹ ẹ̀pà wa báyìí, àbí kéèkì nìkan lò ń jẹ?" Dùnmínínú ní, "Ẹ gbé ẹ̀pà wá ná." Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀ jáde bẹ́ẹ̀.

Kí n tó lọ, mo bi Ọ̀gá Akínwálé pé kí ló dé tí wọ́n ń gba àwọn ọmọ tí kì í ṣe tiwọn, tí ó ń ba èsì wọn jẹ́. Wọ́n ní, "Kí n wá sọ fún ọmọ pé kó má ṣe ìdánwò? Wọ́n ti lé e kúrò níbì kan. Bí èmi náà bá lé e, ó di ẹ̀ẹ̀mejì." Wọ́n ní lọ́dọọdún ni àwọn ará ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ń bi wọ́n pé kí ló ń ṣe àwọn ọmọ wọn. Mo ní kí ni wọ́n máa ń fi dá wọn lóhùn. Wọ́n ní, "Mo máa ń ní, à ń gbìyànjú, sà."

Mo mọ̀ pé ẹ ó bínú. Ẹ bínú sí mi, ẹ má bínú sí i.

Monínúọlá.


Leeds.
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta, 2025.

Monínúọlá,

Ta ló fún ọ láṣẹ?

Mo ka lẹ́tà rẹ nígbà tó dé. Mi ò dáhùn nítorí mi ò mọ ohun tí mo máa sọ fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo ẹni tí mo fi fọ́tò ọmọ yẹn hàn, wọ́n ń bi mí nípa rẹ̀ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. O yẹ kí o rán aṣọ yẹn fún un, kí o dákẹ́, kí wọ́n máa bá a lọ láti máa kọ́ ọ níbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n kọ́. Orúkọ lásán ni. Ta ni orúkọ pa? Nítorí kí ọkàn tìrẹ lè mọ́, o mú un kúrò lọ́wọ́ àwọn tó lè mú un dé ibẹ̀ ní oṣù díẹ̀ sí ìdánwò.

O ti máa ń rí ohun gbogbo láti kékeré, o máa ń jókòó sí kọ̀rọ̀ wo gbogbo wa. Ṣùgbọ́n rírí kọ́ ni ṣíṣe.

Bí kò bá wọlé, ìwọ lo máa sọ fún un pé mi ò wá mọ́.

Títílọpẹ́.


Òkè-Ìlá.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù keje, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ọjọ́ pípẹ́. Ara Màmá ti yá sí i, ìbà ló mú wọn.

Èsì ti jáde. Dùnmínínú kò wọlé. Ó kù díẹ̀ kí máàkì rẹ̀ dé ibi tí wọ́n gé e sí. Ilé-ìwé gírámà ìjọba tó wà nítòsí wa ti gbà á.

Mi ò mọ̀ bóyá ìbá wọlé ká ní mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Mo ti rò ó títí. Mo jókòó tì í ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ bí mo ṣe sọ. Bóyá ohun tí mo mọ̀ ni kò tó. Bóyá ẹ̀yin lẹ jàre. Àwọn tó ṣẹ́kù ní ìlà ojú fèrèsé, tí wọ́n rán ṣẹ́ẹ̀kì tuntun, ọ̀kan péré ló wọlé nínú wọn. Bọ́ọ̀sì funfun padà lọ gbé e nílé, wọ́n wọ búlúù fún un, wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀ mọ́ ti àwọn tó kù. Ọ̀gá Akínwálé ní kí a jẹ́ kí ọmọ náà gbádùn ọjọ́ rẹ̀.

Mo sọ èsì fún Dùnmínínú fúnra mi, kó má bàa gbọ́ ọ lójú pópó. Ó ní, "Ó dáa, mà." Ó lọ fọ abọ́. Abọ́ tó ti mọ́ ló ń fọ̀. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní, "Ẹ má sọ fún Mọ́mì ná."

Àǹtí, mo ti gba gbogbo ohun tí ẹ sọ sí mi. Mo ti gba ti ọdún tí mi ò wọlé, mo ti gba ti kọ̀rọ̀ tí mo máa ń jókòó sí. Ẹyọ kan ni mi ò gbà. Ẹ ní èmi ni màá sọ fún un pé ẹ kò wá mọ́. Mi ò ní sọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, ẹ̀yin ni kí ẹ fi ẹnu yín sọ ọ́, kó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀.

Monínúọlá.


Leeds.
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹjọ, 2025.

Monínú mi,

Ẹ kú ilé o. Mo dúpẹ́ fún ara Màmá.

Mo ń wẹ ìyá arúgbó kan lọ́wọ́ nígbà tí lẹ́tà rẹ wọlé. Mo kà á nígbà tí mo wọ ibi ìsinmi wa, Fọláṣadé sì wà níbẹ̀, ó ń jẹun. Mo wò ó títí. Ó wá yà mí lẹ́nu pé fún ọdún kan gbáko tí a ti ń sọ̀rọ̀ ilé-ìwé yìí, mi ò béèrè ohun kan rí. Mo ní, "Fọláṣadé, kọ́lẹ́ẹ̀jì wo ni Dámilọ́lá wà báyìí?"

Ó ní, "Ó wà ní Adó."

Mo ní, "Adó tóbi."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dénú. Ó ní, "Títí, ṣẹ́ẹ̀kì ni wọ́n ní ká rán fún un."

Kò wọlé, Monínú. Ọdún tí ìwọ rí wọn lẹ́nu géètì, ó wà níbẹ̀. Fọláṣadé ní gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ti ń kí òun kú oríire nítorí bánà tó ti fi hàn wọ́n, òun ò mọ bí òun ṣe máa dá wọn dúró. Èmi wà lára àwọn tó ń kí i. A jọ jókòó síbẹ̀, kò sẹ́ni tó jẹun mọ́ nínú wa.

Mi ò mọ̀ bóyá o jàre tàbí o kò jàre. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ abọ́ tí ọmọ yẹn ń fọ̀ kò kúrò lójú mi. Mo rò pé ìlérí ni mo fi ń fún un lágbára. Mi ò mọ̀ pé ńṣe ni mo ń díye lé wíwá mi bí ọjà.

Mo ti gba ìsinmi náà. Màá dé kí wọ́n tó wọlé ní oṣù kẹsàn-án, èmi ni màá mú un lọ sí ilé-ìwé tó gbà á. Mo fẹ́ pè é kí n sọ ọ́, ẹkún kò jẹ́. Bá mi sọ èyí fún un. Èyí, o lè sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Títílọpẹ́.


Òkè-Ìlá.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹjọ, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ ṣé. Ẹ ṣé o.

Mo sọ fún un lónìí, níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ní, "Ṣé wọ́n mọ̀ pé mi ò wọlé?"

Mo ní, "Wọ́n mọ̀."

"Ta ló sọ fún wọn?"

"Èmi ni."

"Ṣé ó yé wọn dáadáa? Àbí wọ́n rò pé kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ni?"

Mo ní ó yé yín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà padà, ó ṣà á títí kò fi sí nǹkan tó kù láti ṣà. Lẹ́yìn tí a jẹun tán, ó wá dúró ti tábìlì tí mo ti ń kọ̀wé yìí, ó ní kí n fi ààyè sílẹ̀ fún òun nísàlẹ̀. Mi ò tún un kọ. Bó ṣe kọ ọ́ nìyí:

*Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́ mà. Èmi Dùnmínínú ni. Mi ò wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì o. Ilé-ìwé gírámà tó wà nítòsí ilé ni mo wọ̀. Bí ẹ bá ṣì ń bọ̀, ẹ kọ ọ́ pé ẹ ṣì ń bọ̀.*

Ẹ dá a lóhùn kí ẹ tó dá mi lóhùn. Ó ní kí n má tíì sùn títí èsì yóò fi dé, mo sì ṣèlérí fún un. Orí àga ló sùn sí, mo gbé e wọlé, ó wúwo. Fóònù ni mo fi ń tẹ ìlà tó kẹ́yìn yìí: aago mọ́kànlá ti kọjá díẹ̀, mo ti fẹ̀yìn lélẹ̀, mi ò tíì sùn.